Ọ̀bọ Tó Fi Amọ̀ Mọ Ìyá Rẹ̀

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi já lulẹ̀ gbì, ó bọ́ sórí Ọ̀bọ àti ìyá rẹ̀ arúgbó.

Ọ̀bọ fi amọ̀ mọ gbogbo ìlú wọn, títí kan ìyá tó bí i. Ó ní kò sóhun tó wà nínú ìlú tí kò sí nínú amọ̀ òun.

Láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ní, “Ọmọ mi, ebi ń pa mí.” Ọ̀bọ kò wò ó. Amọ̀ ló kọrin sí. Ẹ bá mi gbè é:

Màmá amọ̀, ṣé ebi ń pa yín?
Jàńkóló.
Bí ebi bá ń pa yín, ẹ wí.
Jàńkóló.

Amọ̀ dákẹ́. Ọ̀bọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ẹ ti yó.”

Lọ́sàn-án, ìyá tún bẹ̀ ẹ́. Ọ̀bọ tún kọrin, amọ̀ tún dákẹ́. “Mo ní ẹ ti yó. Ṣé ẹ mọ ara yín jù mí lọ ni?”

Nírọ̀lẹ́, ìyá gbé iṣu sísun Ọ̀bọ, ó jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀. Ọ̀bọ sáré lọ bi amọ̀ pé, “Màmá, ṣé ẹ jẹ iṣu mi?” Amọ̀ dákẹ́. “Wọn ò jẹ ẹ́,” ni Ọ̀bọ wí, ó sì jókòó ti abọ́ òfìfo.

Kò pẹ́, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀yin ọmọ, kò bi amọ̀ kankan kó tó mọ̀ pé ebi ni.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyí: ẹni tí ebi ń pa ni kí ẹ bi.