Ìkòkò Aró Àyọ̀ká

"'N ó sọ̀ ọ́' kì í sọ ẹrù." Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í bi ara wa léèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa á? Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣíwájú òwe náà. "N ó", "yóò", "a ó": ohun tí ọwọ́ kò tíì ṣe ni à ń fi wọ́n sọ. Inú ìfẹ́ ọkàn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí ó ní "n ó" ń sọ ohun tí ó wù ú láti ṣe, àwa sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ti ṣe é tán. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe ní Òkè-Amọ̀ nìyẹn.

Ìlú amọ̀kòkò ni Òkè-Amọ̀. Ìre ńlá ni wọ́n ka sísọ ẹrù kalẹ̀ fún ẹni tí ó rù ú sí níbẹ̀, nítorí ẹni tí a bá sọ̀ yóò súre fún ẹni tí ó sọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wí pé "N ó sọ̀ ọ́" ni ó ni ìre ọ̀hún. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù náà mọ́. Bí ó bá fọwọ́ kàn án, olè ìre ni wọn yóò máa pè é títí ayé.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, Àyọ̀ká mọ ìkòkò aró mẹ́sàn-án fún Ìbídùn, ọmọ rẹ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nídìí iṣẹ́ aró. Mẹ́jọ là nínú iná. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀, omi ti bo kòtò amọ̀. Kò sí ìkòkò mìíràn mọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀. Ọ̀kan tí ó kù ni Àyọ̀ká rù lọ sí ìdí aró ní ọjọ́ tí Ìyálaró, olórí àwọn aláró, ń pín àyè iṣẹ́. Ìbídùn ti jókòó ti àyè tirẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tí ó bá dìde, àyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìkòkò kò bá sì dé kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹlòmíràn ni yóò gbà á.

Ènìyàn méjì ni ó gbé ìkòkò náà ru Àyọ̀ká. Kò lè bẹ̀rẹ̀, kò lè kúnlẹ̀, kò lè wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbà tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ìdí aró, òṣùká ti rọ́ sí apá òsì, ọrùn rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin jókòó lábẹ́ igi ìyeyè. Kí ó tó la ẹnu, Ọ̀tún Ládòkun ti dìde láàárín wọn.

"Ìyá Ìbídùn, dúró gbọn-in! N ó sọ̀ ọ́!"

"Ẹ ṣeun, Bàbá Ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá, ọrùn ń dùn mí."

Ọ̀tún ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Bí ó ti fẹ́ gbé ìkejì ni àna rẹ̀ láti Ìgbó-Ẹrìn yọ, tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí iwájú rẹ̀.

"Háà! Àna mi àtàtà! Dìde, dìde. Ilé ńkọ́? Ìyá àgbà ńkọ́? Ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ńkọ́?"

"Ó ti bímọ mẹ́ta, bàbá."

"Mẹ́ta! Pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta?"

Òógùn wọ Àyọ̀ká lójú. Kò lè nù ún. Ó mọ̀ ọ́n lára pé òṣùká tún yẹ̀ díẹ̀ sí i.

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí!"

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Àyánṣọlá dìde, apá rẹ̀ le bí igi irókò. Ẹnìkejì rẹ̀ fa ṣòkòtò rẹ̀.

"Jókòó jẹ́ẹ́. O kò gbọ́ pé Ọ̀tún ní òun yóò sọ̀ ọ́?"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò ń fì."

"Kí ó máa fì. Ṣé ìwọ ni o fẹ́ jí ìre Ọ̀tún?"

Àyánṣọlá jókòó. Àyọ̀ká sì rí i, igun ojú ni ó fi rí i.

"Bàbá Ọ̀tún! Ó ń bọ́ o!"

Ọ̀tún kò tilẹ̀ yíjú. "Mo ní n ó sọ̀ ọ́! Ṣé mo ní n kò níí sọ̀ ọ́ ni?"

Àfi gbòlà! Ìkòkò aró kan ilẹ̀. Àfọ́kù kan yí gbirigbiri lọ títí dé ẹsẹ̀ àna, ó sì dúró síbẹ̀.

Láti inú ọgbà ìdí aró ni ohùn Ìbídùn ti ń bọ̀: "Ìyá mi, ṣé ẹ ti dé ni?"

Ìgbà yìí ni Ọ̀tún tó yíjú. "Ṣùgbọ́n èmi kò kọ̀, Ìyá Ìbídùn. Gbogbo ayé ni ẹlẹ́rìí, n kò kọ̀."

"Ẹ kò kọ̀ lóòótọ́, Bàbá Ọ̀tún." Ọwọ́ Àyọ̀ká ṣì wà lókè, bí ẹni pé ẹrù ṣì wà níbẹ̀. "Ká ní ẹ ti kọ̀ ni, Àyánṣọlá ì bá ti sọ̀ mí. 'N ó sọ̀ ọ́' kì í sọ ẹrù."

Ẹlòmíràn ni ó gba àyè Ìbídùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Odidi ọdún kan ni Ìbídùn tún fi pọn omi aró fún ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tí yóò bá ní "n ó sọ̀ ọ́" ní Òkè-Amọ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lára ẹrù kí ó tó la ẹnu.

Òwe tí obìnrin náà pa ní ẹnu ọ̀nà ìdí aró nìyẹn: "'N ó sọ̀ ọ́' kì í sọ ẹrù." Nígbà tí ẹnì kan bá fi ìlérí dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ìbá ṣe nǹkan ní wéréwéré ni àwọn àgbà máa ń pa á. Wọ́n sì tún máa ń pa á fún àwa tí a jókòó lábẹ́ igi, tí a ń wo ẹrù tí ń fì, nítorí pé ẹlòmíràn ti ní òun yóò sọ̀ ọ́.