Ìgbín Kí Òkè

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ń pọ́nkè lọ, ó bá Ìgbín lọ́nà. Ọ̀dá dá. Omi ò sí níbì kankan àfi lórí ṣóńṣó òkè gíga kan. Òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn ọmọ Ìgbín.

Ìgalà ló kọ́kọ́ lọ. Kò kí Òkè, ó kàn sáré gùn ún. Òkè gbọn èjìká, Ìgalà bára rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀bọ ní òun lẹ́kọ̀ọ́ ilé ní tòun: "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o!"

Òkè bínú. "Ta ló jókòó? Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni mo ti wà lórí ìdúró!" Ó gbọn òun náà dànù.

Ìgbín, tí í ru ilé rẹ̀ kiri, mọ bó ṣe ń rẹ ara. Ó kọrin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é:

"Bàbá Òkè, ẹ kú ìdúró o."
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀."
"Ẹsẹ̀ á mà ti máa ro yín o."
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀."

Òkè mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ nìkan ló rí i." Ló bá rọra jókòó. Ṣóńṣó rẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbín, àwọn ọmọ mu omi tẹ́rùn.

Orí ìjókòó ló ṣì wà dòní. Bí mo bá parọ́, kó dìde.