Òfin Tí Àlàdé Aránṣọ Ṣe

Àlàdé aránṣọ kò ní mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní alùpùpù, ṣùgbọ́n ní gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Ìkìrun, ọ̀gá awakọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ilé eré Bàbá Ọ̀ṣúnníyì ló ti gba orúkọ náà. Bàbá yìí ti fi ọkọ̀ àjàgbé rin gbogbo ọ̀nà Òkè-Ọya kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nígbà tí kò lè wakọ̀ mọ́, tí ara rẹ̀ kò sì gba ìjókòó lásán, ó kó kọ̀ǹpútà sí yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ó gbé sítíárín síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó to tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré àti bíréèkì sí ìsàlẹ̀ bí ti ọkọ̀ gidi. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ yóò rí ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ nínú káàtì, ìyẹn ọkọ̀ ìje kékeré tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí ìdí awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀.

Nínú eré náà, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń pín àwọn káàtì sí kíláàsì bó ṣe wù ú. Òun ni yóò sọ bí ẹ́ńjìnnì kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò ti lágbára tó, irú táyà tí wọn yóò lò, bí ọkọ̀ yóò ṣe wúwo tó, àti ohun èlò tí awakọ̀ lè mú wá láti ilé. Bàbá Ọ̀ṣúnníyì mọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ kọ̀ǹpútà, ló bá gbé iṣẹ́ òfin lé Àlàdé lọ́wọ́. Àlàdé sì ṣe é dáadáa. Ó ya kíláàsì kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ́ńjìnnì wọn kò lè sáré débi tí yóò já wọn láyà. Ó ya òmíràn fún àwọn àgbàlagbà, ó fún wọn ní táyà tó ń di ilẹ̀ mú, kódà ìyàwó Bàbá Ọ̀ṣúnníyì jókòó, ó wa tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kíláàsì àwọn ọ̀gá ló kù, níbi tí Àlàdé fúnra rẹ̀ wà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí rẹ̀ rí.

Ìgbà tí Mojírádé dé ni nǹkan yí padà. Tíṣà ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò láriwo, ìrìn rẹ̀ sì máa ń rọra débi pé àwọn kan ń sọ pé fáàrí ló ń ṣe. Sítíárín tirẹ̀ ló ń gbé wá láti ilé. Àbúrò rẹ̀ ti jó ọ̀pá kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn sítíárín náà, èyí tó ń fi ọwọ́ fà dípò bíréèkì. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tẹ tọ́tù. Gbogbo èèyàn rò pé àrà ló ń dá.

Àlàdé nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àrà. Mojírádé ti gbé aṣọ wá fún un rí pé kó bá òun rán ṣòkòtò. Nígbà tó ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún tín-ín-rín ju ti òsì lọ, irin sì wà lára rẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló bá a jà ní kékeré.

“Bùọ̀dá Àlàdé,” ni Mojírádé wí lọ́jọ́ náà, “ẹ bá mi fẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn díẹ̀ kí irin má baà hàn. Ẹ jọ̀wọ́, kó mọ láàárín wa.”

Àlàdé ṣèlérí, ó sì pa á mọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan. Ó rán ṣòkòtò náà débi pé ẹni tó bá ń wò ó kò lè fura.

Ṣùgbọ́n Mojírádé bẹ̀rẹ̀ sí í borí rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, Àlàdé fi ẹ̀rín bò ó. Nígbà tó ṣe, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí àga wọn sí ẹ̀yìn Mojírádé láti wo bó ṣe ń gba kọ́nà, ẹ̀yìn Àlàdé sì ṣófo. Èyí dùn ún ju bó ṣe ń borí rẹ̀ lọ. Bí ìdíje ọdún ṣe ku díẹ̀, ó fi òfin kan kún ti kíláàsì àwọn ọ̀gá: ẹsẹ̀ ni kí gbogbo awakọ̀ fi tẹ bíréèkì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ so ohunkóhun mọ́ sítíárín.

Bàbá Ọ̀ṣúnníyì ní kó kà á fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ṣé o rò ó dáadáa?” ni bàbá bi í.

“Bàbá, bí ẹnì kan bá ń fi ọwọ́ ṣe é, tí ẹlòmíràn ń fi ẹsẹ̀ ṣe é, eré ti di méjì. Kó lè dọ́gba ni.”

“Ìwọ ni mo gbé e lé lọ́wọ́,” ni bàbá wí. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mojírádé wá bá Àlàdé ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

“Bùọ̀dá Àlàdé, ṣé èmi ni òfin yẹn ń bá wí?”

Àlàdé kò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. “Kò bá ẹnì kan wí. Gbogbo wa ló wà fún.”

“Ẹ̀yin lẹ wọn ẹsẹ̀ mi.”

“Mojí, ìdíje ni. Bí mo bá gba ti ẹnì kan láyè, àwọn yòókù á mú tiwọn wá.”

 Mojírádé ní, “Ẹ kú iṣẹ́,” ó sì bọ́ sóde. Àlàdé tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìrán wọ́, ó di dandan kó tú u. Bó ṣe ń tú u, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ṣe ibi kankan.

Àlàdé rò pé Mojírádé kò ní wá síbi ìdíje. Ó wá. Ó jókòó nídìí ẹ̀rọ bíi ti gbogbo èèyàn, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé tọ́tù, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé bíréèkì lábẹ́ tábìlì, torí ẹsẹ̀ kan kò lè yára tó fún tọ́tù àti bíréèkì nínú ìje. Eré bẹ̀rẹ̀. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ náà kò lè tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, káàtì rẹ̀ sì lọ forí sọ òkìtì táyà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Tíṣà ò mọ̀ ọ́n wà tẹ́lẹ̀, ọ̀pá yẹn ló ń wà á fún un.” Àlàdé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gba ipò kìn-ín-ní, àwọn tó kù dé tẹ̀lé e, síbẹ̀ Mojírádé ṣì ń wà á lọ, ó ń forí sọ táyà, ó ń padà sójú ọ̀nà, títí ó fi parí tirẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn ti dìde.

Bàbá Ọ̀ṣúnníyì ní ìyá Àlàdé ni kó gbé ife ẹ̀yẹ fún ẹni tó borí, torí òun ló dàgbà jù láàárín àwọn tó wá wòran. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá yìí, apá ọ̀tún rẹ̀ sì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ife náà, ó wá dúró, ojú ń tì í.

“Ẹ má bínú,” ni ìyá wí. “Mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún èèyàn ní nǹkan. Èyí nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń gbọ́ tèmi.”

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, Mojírádé ti dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀. “Màmá, ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ ni ọwọ́ ọ̀tún.”

Kò sọ ọ́ láti fi gún ẹnikẹ́ni. Ìyá náà ló ń tù nínú. Gbogbo èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni, kí ìyá gbé e fún ọmọ rẹ̀ jàre. Àlàdé na ọwọ́, ọwọ́ náà kò sì dé ibi ife. 

“Gbà á, Àlàdé. Apá ń ro mí.”

“Ẹ má gbé e fún mi, Màmá.”  “Mo ṣe òfin bíréèkì yẹn kí Mojírádé má baà borí mi. Kì í ṣe kó lè dọ́gba. Irọ́ ni mo pa fún Bàbá.”

 Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àṣírí tó kù kì í ṣe tirẹ̀. Mojírádé wò ó. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò rẹ̀ sókè, gbogbo èèyàn sì rí irin. Àwọn tó ti rẹ́rìn-ín ń wo ilẹ̀.

Ìyá Àlàdé wo irin náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé nítorí èyí ni?” ni ó bi í.  Ìyá rọra gbé ife náà sílẹ̀. “Mojírádé, ọmọ mi, fún mi ní apá rẹ. Sìn mí délé.”

Àwọn méjèèjì jáde, ìyá ń wọ́ ẹsẹ̀, Mojírádé ń tiro. Àlàdé tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọn kò yára, ṣùgbọ́n ọ̀gá awakọ̀ kò lè lé wọn bá. Ìtìjú ń fà á sẹ́yìn. Àwọn tó jókòó síwájú ilé wọn ń kí i, ó kàn ń gba iwájú wọn kọjá.

Ó pa òfin náà rẹ́, ó sì lọ bẹ Mojírádé nílé. Mojírádé gbọ́ ọ tán, ó ní, “Mo ti gbọ́, Bùọ̀dá. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.” Ó pẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí Mojírádé padà sílé eré, Àlàdé kò tún ṣe òfin lórí ara awakọ̀ mọ́, àfi lórí káàtì: bó ṣe wúwo tó, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe le tó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ wà á, kó fi ìgbọ̀nwọ́ wà á. Mojírádé ń borí rẹ̀ lọ, Àlàdé a sì dìde, a kí i, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó lè wò ó lójú.

Ìyá Àlàdé ló gbé ọ̀rọ̀ ìtùnú Mojírádé jáde sí ìta. Níbi ìkómọ, níbi ìsìnkú, nígbàkígbà tó bá fẹ́ fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, á sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ wọn gbà á lẹ́nu wọn, ó sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìkan. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà àdúgbò náà fi ń pa á lówe fún ẹni tó bá fẹ́ fi bátánì tirẹ̀ gé aṣọ ẹlòmíràn pé: ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ ni ọwọ́ ọ̀tún.