Oyin Ọgbà Àwẹ̀ró

"Ẹni tó lé oyin lóko, kó má bi ìtàkùn léèrè ọmọ." Ẹ ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu wa, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Ẹ fìdí kalẹ̀, kò gùn.

Láyé àtijọ́, ní abúlé Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, ìyàwó tuntun kì í dáná tirẹ̀. Ìdí ìkòkò ìyá ọkọ ni yóò ti máa jẹun, títí yóò fi gbin egúsí bàrà sẹ́yìnkùlé, tí yóò kórè rẹ̀, tí yóò fi se ọbẹ̀ fún àwọn àgbà ilé. Ìgbà náà ni baba ọkọ yóò tó gbé òkúta ààrò mẹ́ta fún un.

Ojú ń kán Àwẹ̀ró, ìyàwó tuntun kan níbẹ̀, sí ààrò yìí gan-an. Obìnrin rere ni ìyá ọkọ rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ìyá náà àti iyọ̀ kì í pàdé. Àwẹ̀ró á gbé òkèlè mì tipátipá, á ní "Ẹ ṣeun, Ìyá," á sì gba ìdí bàrà rẹ̀ lọ.

Bàrà yọ òdòdó, ọgbà pọ́n bí ìyeyè. Ni oyin bá dé. Wọ́n á wọnú òdòdó, wọ́n á jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lẹ́sẹ̀, wọ́n á fò lọ.

"Áà, àwọn olè yìí ń kó egúsí mi lọ kó tó di egúsí."

Àwẹ̀ró finá sí ògùṣọ̀, ó da ewé tútù lé e. Àràárọ̀ ló ń fín wọn, títí gbogbo oyin fi yà sí ọgbà ìyá ọkọ rẹ̀.

Olè lọ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ bàrà tó wà nídìí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, wọ́n ń já bọ́. Lọ́gbà kejì, bàrà ìyá sùn sílẹ̀ gbọọrọ bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó mu ọmú yó. Àwẹ̀ró sáré lọ pè é.

"Ìyá, ẹ wá wò ó. Àwọn ayé ti sé ìtàkùn mi nínú, ọmọ rẹ̀ ò dúró."

Ìyá wo ọgbà, ó wo eérú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Oyin lò ń fín láràárọ̀? Èmi tí mo rò pé ẹran lò ń yan láìpè mí."

"Olè ni wọ́n, Ìyá. Mo rí ẹrù lẹ́sẹ̀ wọn."

"Ẹrù ìyàwó ni. Òdòdó akọ wà, òdòdó abo wà, wọn ò lẹ́sẹ̀ tí wọ́n á fi wá ara wọn. Oyin ni alárinà wọn. Ká ní a ti fín alárinà tìrẹ léèéfín, ṣé wàá wà nílé yìí tí wàá máa fọgbọ́n gbé ọbẹ̀ mi mì? Ẹni tó lé oyin lóko, kó má bi ìtàkùn léèrè ọmọ."

Ojú ti Àwẹ̀ró, ó pa iná. Oyin padà, ṣùgbọ́n òjò ti ń lọ, òdòdó díẹ̀ ló kù. Egúsí tó rí kò kún igbá kékeré. Ó sè é, àwọn àgbà jẹ, wọ́n lá ìka. Baba ọkọ gbé òkúta wá, ó to méjì péré kalẹ̀.

"Ọbẹ̀ dùn, ìyàwó mi, ṣùgbọ́n kò dé ìdajì ìkòkò. Ìkẹta di ọdún tó ń bọ̀."

Ìkòkò wo ló ń jókòó lórí òkúta méjì? Àwẹ̀ró tún padà sídìí ọbẹ̀ aláìníyọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kó tó kó irúgbìn dé ọgbà, àpáàdì omi ló kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ fún oyin. Lọ́dún náà, òkúta rẹ̀ pé.

Nítorí náà, bí àgbà bá rí ẹni tó lé alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dànù torí pé kò mọ ohun tí onítọ̀hún ń ṣe fún un, tó wá ń ráhùn pé iṣẹ́ òun kò so èso, òwe tí wọ́n máa ń pa fún un nìyẹn: ẹni tó lé oyin lóko, kó má bi ìtàkùn léèrè ọmọ.