Ajá Àgbàtọ́ Ìyá Abọ́sẹ̀dé

Ní ìlú Òkè-Ìrókò, obìnrin arànwú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Kì í ṣe aláriwo, kì í bá ènìyàn jà. Àdúrà ló fi ń jí, àdúrà ló sì fi ń sùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n agbolé ọkọ náà ló ṣì ń gbé. Nínú agbolé yìí, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni sin ajá. Bàbá ńlá wọn ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò.

Ní ọjọ́ kan tí ó ń ti odò bọ̀, ó gbọ́ igbe nínú igbó. Ajá pupa kan ló há sínú tàkúté, egungun ìhà rẹ̀ sì ṣeé kà. Ìyá Abọ́sẹ̀dé tú u sílẹ̀, ó gbé e pọ̀n bí ọmọ, ó di ilé.

"Ìyàwó, ṣé o ti gbàgbé èèwọ̀ ilé ni?" Baálé agbolé bi í.

Ó kúnlẹ̀. "N kò gbàgbé, Bàbá. N kò ní sìn ín. Ẹ jẹ́ kí n gbà á tọ́ ni, títí n ó fi rí ilé tí yóò máa gbé."

Baálé wo ajá, ajá wo Baálé. "Ó dáa. Títí di ọdún Ògún. Bí kò bá tíì rílé lọ́jọ́ náà, Baba Alágbẹ̀dẹ, àwòrò Ògún, ni yóò wá mú un."

Gbogbo ìlú ló mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ajá tí kò bá nílé lọ́jọ́ ọdún, ti Ògún ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bùṣe. Ọdún sì ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé kò fòyà. A máa ní, "Ẹlẹ́dàá tó ní kí n gba ọ̀nà odò kọjá lọ́jọ́ náà mọ ilé tó fẹ́ gbé e sí." Àdín ló fi ń pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀, iṣu sísun àti orí ẹja ló ń fún un jẹ. Àlejò ló ń pè é. Ó ní ẹni tí yóò ni ín ni kó sọ ọ́ lórúkọ. Bí wọ́n bá ń lọ sódò, ajá náà a ṣíwájú, ṣùgbọ́n kò ní rìn jìnnà kó tó bojú wẹ̀yìn. Bó bá ti rí Ìyá Abọ́sẹ̀dé, a tún sáré lọ.

Ọdẹ́rìndé, ọdẹ àgbà, ló kọ́kọ́ gbà á. Ọjọ́ kẹta ló dá a padà.

"Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ṣé ajá lo fún mi ni àbí ìyàwó tuntun? Mo ní kó lé ọ̀bọ, ó dúró, ó ń wẹ̀yìn bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

"Baba Ọdẹ, níbo lẹ wà nígbà tó wẹ̀yìn?" Ìyá Abọ́sẹ̀dé bi í.

"Mo wà lórí igi, mo ń wò ó. Àbí èmi àti ajá la ó jọ máa sáré ni?"

Ẹnì kejì tó gbà á ni Ládòkun, àgbẹ̀ tí ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo rẹ̀ run. Akọ ọ̀bọ arúgbó kan ni olórí wọn. Kò bẹ̀rù òkò, kò bẹ̀rù igbe. Ládòkun fa Àlejò lọ sóko, ó fi í síbẹ̀, ó padà sílé lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an lòun náà dá a padà.

"Ẹ gba ajá yín, Ìyá. Ọ̀bọ jẹ poro mẹ́ta mọ́jú, abẹ́ ahéré ni akọni yín sá sí."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Baba Alágbẹ̀dẹ fi wọlé pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. "Ìyá Abọ́sẹ̀dé, o ṣe dáadáa sí i, ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀. Mú un wá."

Ìyá Abọ́sẹ̀dé gbé ọwọ́ lé ajá lórí. "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ẹ fún mi títí oòrùn yóò fi dé àtàrí. Mo fẹ́ bá a lọ sóko Ládòkun."

"Ìwọ arànwú, o fẹ́ di ọdẹ?" Baba Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó gbé okùn lé orúnkún. "Mo ń dúró."

Lójú ọ̀nà oko, Ìyá Abọ́sẹ̀dé kìlọ̀ fún Ládòkun: "Ẹ mú kùmọ̀ yín lọ́wọ́. Ibi tí ajá bá dé ni kí ẹ dé."

Wọ́n bá akọ ọ̀bọ náà láàárín àgbàdo, ó ń bó èèpo lọ ní tirẹ̀. Àlejò sáré sí i. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó wẹ̀yìn. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ti ká ìró dé orúnkún, ó ń sáré bọ̀, ó ń pàtẹ́wọ́: "Èmi nìyí! Mo wà níbí! Lọ, ọmọ mi, lọ!" Ládòkun náà ń sáré, ó ń kígbe tí gbogbo oko ń mì. Ni ajá bá kọ lu ọ̀bọ. Ọ̀bọ fọ́ ọ létí, ajá ṣubú, ó dìde, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, títí ìdí rẹ̀ fi kan ojúgun Ládòkun. Ládòkun fẹ́ yẹra.

"Ẹ má kúrò!" ni Ìyá Abọ́sẹ̀dé pariwo. "Ẹ dúró tì í!"

Ládòkun dúró gbọn-in bí òpó ilé. Nígbà tí ajá mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn òun kò yẹ̀, irun ọrùn rẹ̀ dìde. Ó fò, ó gbá ọ̀bọ mú lọ́fun, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

Oòrùn kò tíì dé àtàrí tí wọ́n fi padà wọlé. Ládòkun gbé ọ̀bọ kọ́ èjìká, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i láṣọ. Baba Alágbẹ̀dẹ dìde. "Ta ló wá ni ajá yìí?"

Ọdẹ́rìndé, tó ti gbọ́ ariwo, ló kọ́kọ́ dáhùn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ gbà á! Ìyá Abọ́sẹ̀dé, dá a padà fún mi. Oògùn wo lo lò fún un?"

"N kò lo oògùn kankan, Baba Ọdẹ. Ó rí ẹni lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ̀yin, ẹ ó tún gun igi." Ó yíjú sí Ládòkun. "Ṣé ẹ ó máa dúró tì í?"

"Ìyá, mo dúró tì í lónìí, n kò sì ní yẹra mọ́. Èmi ni mo ni ín."

Baba Alágbẹ̀dẹ ká okùn rẹ̀. "Ajá tó ti nílé kì í ṣe ti Ògún," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ládòkun mú ajá rẹ̀, ó di ilé.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe títí dòní pé, ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ.