Tẹ̀tẹ̀ Inú Ihò Òkété

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra sọ, ó bà lé Ehoro abiyamọ, ó bà lé Òkété olójúkòkòrò.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Gbogbo ewé oko gbẹ táútáú. Àyọ̀ká, ọmọ kan ṣoṣo tí Ehoro bí, wá ń ṣàìsàn. Ohunkóhun tí ó bá jẹ, ó ń bì í. Ewé tútù nìkan ló lè dúró nínú rẹ̀, ewé tútù ò sì sí.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù nílé Ehoro. Kò gbé e lọ sóko. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ sínú àpáàdì, ó po irúgbìn mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣù síbì kan, ó fọ́n ọn, ó wọ́n omi sí i, ó fi igbá dé e.

Òkété aládùúgbò yọjú. "Ìyá Àyọ̀ká, kí lẹ dé mọ́lẹ̀ báyìí? Ẹran ni?"

"Ẹran wo? Tẹ̀tẹ̀ ni. Bó bá ti yọ ewé méjì-méjì, màá gé e rò fún ọmọ mi."

"Ewé tí kò tó ìka! Ẹ jẹ́ kó dàgbà ná."

"Àyọ̀ká ò lè dúró dìgbà náà, Bàbá Òkété."

Òkété rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára igbá.

Láràárọ̀, Ehoro á wọ́n omi, á máa kọrin:

Lílé: Irúgbìn mi kékeré o
Ègbè: Rọra hù o, rọra hù
Lílé: Ọmọ mi ń retí ewé
Ègbè: Rọra hù o, rọra hù
Lílé: Má jẹ̀ẹ́ kí n sunkún ọmọ
Ègbè: Rọra hù o, rọra hù

Irúgbìn gbọ́, ó hù. Ehoro fẹ́ ṣí igbá kí ó lè rí ìmọ́lẹ̀, ó ní kí òun kọ́kọ́ pọnmi. Kí ó tó dé, Òkété wọlé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó gbé àpáàdì tigbá-tigbá, ó di inú ihò!

"Òkùnkùn ló ń mú un hù," ni ó wí. "Ihò mi dúdú ju abẹ́ igbá lọ. Á ga dé àjà!"

Ọ̀lẹ! Ó rí ìdajì iṣẹ́, ó ti sá lọ.

Lóòótọ́, ó ga. Ó ga tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun báláú, ó wó lé ara rẹ̀ lórí. Òkété bá tún da omi sí i gbàà. Ni ó bá ń jẹrà.

Ehoro pọn ọmọ, ó ń wá àpáàdì kiri. Ó dé ẹnu ihò, òórùn gbà á nímú.

"Bàbá Òkété, kí ló ń rùn nílé yín?"

"Èmi ni! N kò tíì wẹ̀!"

"Irọ́ ńlá! Ara ta ló ń rùn bí ẹ̀fọ́ tó jẹrà?" Ó tiwọ́ bọ ihò, ó wọ́ àpáàdì jáde.

Òkété ní, "Ó ti kú, ẹ dà á nù."

Ehoro ṣa èyí tó jẹrà kúrò, ó ro omi rẹ̀ dànù, ó gbé ìyókù sí oòrùn òwúrọ̀. Gbogbo àdúgbò jókòó tì í, wọ́n ń gbè é:

Lílé: Oòrùn, wá wo ewé mi o
Ègbè: Rọra hù o, rọra hù

Díẹ̀díẹ̀, funfun yẹn ń ṣí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti tutù yọ̀yọ̀. Ehoro gé e, ó rò ó. Àyọ̀ká gbé e mì. Gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀. Kò bì í.

"Ìyá mi," ni Àyọ̀ká wí, "ṣé ó kù?"

Ehoro jókòó sílẹ̀ pọ̀ọ̀, ó mí kanlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ojú ti ń ti Òkété, kì í jáde lọ́sàn-án.

Àlọ́ mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: ẹ má jí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó jí iṣẹ́ kò lè jí ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀.