Ìkómọ Nílé Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn yẹn, mi ò gbọ́ ohùn yín. Àbí ẹ̀kọ tí ẹ jẹ ló dí yín lọ́nà ọ̀fun? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀hẹn. Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Ó yà sí àgbàlá Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, ó bá Ìjàpá nídìí àwo oúnjẹ.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an. Iná sọ nínú igbó. Ó jó ewé, ó jó igi, ó jó ihò tí Ìjàpá ń gbé. Ìjàpá sá àsálà. Ó dé ọ̀dọ̀ Òkété, Òkété ní ilé òun ti kún. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìgbín, Ìgbín ní ilé òun kò gbà ju òun nìkan lọ. Ti Ìgbín yé mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ni Òkété ń pa. Ilé rẹ̀ kò kún. Iṣu tí Ìjàpá jí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni kò tíì tán nínú rẹ̀.

Ibi tí Ìjàpá ti ń wọ́ kiri ni Àwẹ̀ró ti rí i, létí kòtò tó ti ń wa amọ̀. Obìnrin amọ̀kòkò ni Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bí ọmọ rí. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkómọ níbikíbi ládùúgbò, ìkòkò tí ó mọ ni wọ́n fi ń gbé omi. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì sọ ọmọ lórúkọ rí nílé tirẹ̀. Kì í sọ ọ́ jáde. Bó bá ti ibi ìkómọ dé, á kàn jókòó ti amọ̀ rẹ̀, á máa pò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo Ìjàpá. Ó ní, "Ìwọ ẹ̀dá yìí, ilé rẹ ńkọ́?"

"Ìyá, iná ti jó o."

"Àwọn ará rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kò sáyè."

Àánú ṣe Àwẹ̀ró. Ó gbé Ìjàpá lé orí amọ̀ inú agbọ̀n rẹ̀, ó rù ú, ó di ilé.

Wàyí o, Àwẹ̀ró kò sin ìjàpá rí. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹni tí iná lé, omi ló yẹ ẹ́. Ó bu omi sínú ìkòkò ńlá kan, ó gbé Ìjàpá sọ sí i, gbìn-ín!

"Yé è! Ìyá, mo kú o! Èmi kì í ṣe ẹja!"

Ó yára gbé e jáde. Ojú tì í. Láti ìgbà yẹn, kò sáré mọ́. Ó gbé àpótí, ó jókòó, ó ń wo Ìjàpá láti àárọ̀ dalẹ́. Ibi tó bá ti yá oòrùn láàárọ̀, ó kíyè sí i. Ibi tó bá sá sí nígbà tí oòrùn kanrí, ó kíyè sí i. Ọwọ́ tó fi ń wa ilẹ̀, ó rí i. Lọ́jọ́ kejì ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ọparun sọgbà yí igun kan ká, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, tí igi ìbẹ́pẹ ń ṣíji bò lọ́sàn-án. Ó kó yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ sí i, kí Ìjàpá lè wà á dé ibi tó wù ú. Ó da ewé gbígbẹ lé e. Ó mú ìkòkò kan tó ti fọ́ ní ìdajì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó di yàrá. Ó wá mọ àwo pẹrẹsẹ kan, ó sun ún nínú iná, ó rì í sílẹ̀ títí etí rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Ìjàpá á rìn wọ inú omi, á mu, á wẹ̀, á rìn jáde láìké sí ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀, ó fún un ní ewé tẹ̀tẹ̀ àti òdòdó elégédé. Nírọ̀lẹ́, ege ìbẹ́pẹ kan. Àwo kan láàárọ̀, àwo kan lálẹ́, ó tó o. Ìjàpá yó, ó sùn, kò lálàá iná.

Bó bá ṣe èmi tàbí ìwọ ni, à bá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ni. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?

Nígbà tó ṣe, wọ́n ṣe ìkómọ nílé kejì. Òórùn àkàrà gba orí ọgbà wọlé. Òórùn ẹran tẹ̀ lé e. Ìjàpá na ọrùn, ó nà án títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó pe Àgbébọ̀, adìyẹ Àwẹ̀ró tó ń ṣa ọkà kiri àgbàlá.

"Àgbébọ̀, kí ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún?"

"Ìyàwó ilé wọn ló bímọ. Òní ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ."

"Ọmọ mélòó?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan ṣoṣo? Wọ́n wá se gbogbo oúnjẹ yìí?"

"Ọmọ kì í kéré," ni Àgbébọ̀ wí, ó sì ń bá ṣíṣa rẹ̀ lọ.

Ìjàpá wọ yàrá rẹ̀, ó ń rò ó. Ọmọ kan, ìkòkò ẹran kan. Ọmọ mẹ́fà ńkọ́? Inú rẹ̀ dùn débi pé kò jẹ ìbẹ́pẹ rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. "Ìyá o! Ìyá! Ẹ bá mi yọ̀! Kí iná tó jó ilé wa, ìyàwó mi ti yé ẹyin. Òun bá iná lọ, mo fi ẹyin pamọ́ sábẹ́ ìkarahun mi, mo sá. Inú yẹ̀pẹ̀ tí ẹ kó fún mi yìí ni mo rì wọ́n sí. Wọ́n ti pa! Ọmọ mẹ́fà!"

Ìkòkò tí Àwẹ̀ró ń mọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ? Nínú ilé mi níbí?"

Ó dìde pé kí òun wò wọ́n. Ìjàpá dí ẹnu yàrá. "Háà, Ìyá! Èèwọ̀ wa ni. Ojú ènìyàn kì í kan ọmọ ìjàpá kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Ẹ kàn máa gbé oúnjẹ wọn wá. Wọ́n ń jẹun ju bí wọ́n ṣe mọ lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwo méje wá láàárọ̀, méje lálẹ́. Ó ń kọrin bó ṣe ń já ẹ̀fọ́. Àwọn aládùúgbò kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, Ìjàpá á gbé àwo méjèèje wọ yàrá, á máa dá orin tirẹ̀. Ẹ bá mi gbè é. Kẹ̀rẹ̀ńkẹ̀ ni ẹ̀yin ó máa wí.

Ẹ má sunkún mọ́, ẹ̀yin ọmọ mi,
Kẹ̀rẹ̀ńkẹ̀.
Ìyá ti gbé àwo yín dé,
Kẹ̀rẹ̀ńkẹ̀.
Ẹni bá yó kó sùn wẹ́rẹ́,
Kẹ̀rẹ̀ńkẹ̀.
Baba yín á bá yín jẹ ìyókù,
Kẹ̀rẹ̀ńkẹ̀.

Ẹ ṣeun. Ìyókù dà? Gbogbo rẹ̀ pátá ló ń jẹ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Àgbébọ̀ dúró lẹ́nu ọgbà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. "Ìjàpá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti pa ọmọ. Mi ò rí ọmọ tí kì í ké rí."

"Ọmọ tèmi gbẹ̀kọ́ ni."

"Mi ò tíì rí ọmọ tó jẹ́ pé baba rẹ̀ ló ń sanra."

"Ayọ̀ ni mo fi ń sanra. Kúrò níbẹ̀, ìwọ adìyẹ aláròyé!"

"Mo ti lọ," ni Àgbébọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà wo ojú obìnrin yìí o. Wò ó dáadáa."

Ìjàpá kò wò ó. Àwo ló ń wò.

Ọjọ́ keje pé. Àwẹ̀ró wá sẹ́nu ọgbà tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Bí ọmọ bá jẹ́ abo, ọjọ́ keje. Bó bá jẹ́ akọ, ọjọ́ kẹsàn-án. Tiwa pọ̀, a ò mọ akọ, a ò mọ abo, a ti fi í sí ọjọ́ kẹjọ bí ìbejì. Baálé agbo ilé wa ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ìyáálé ni yóò da omi. Èmi fúnra mi ni n ó gbé wọn lọ́wọ́."

Ẹ̀rù ba Ìjàpá. Oúnjẹ ìkómọ ló fọkàn sí, kò rántí pé wọ́n á gbé ọmọ. Ó ronú, ó ronú. Ó yọ́ jáde lọ sídìí amọ̀ tí Àwẹ̀ró ti pò sílẹ̀, ó bù nínú rẹ̀. Ó mọ ọmọ mẹ́fà, olórí, ẹlẹ́sẹ̀, onírù. Ó tẹ ẹ̀yìn wọn mọ́ ìkarahun ara rẹ̀, gbogbo ilà sì hàn. Ó sá wọn sóòrùn, wọ́n gbẹ kan-an. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dára o, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n kò sun wọ́n. Láti ọjọ́ iná igbó, Ìjàpá kì í sún mọ́ iná. Gbogbo ọjọ́ tó sì ti ń gbé lọ́dọ̀ amọ̀kòkò, kò bojú wo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá wò ó ni, ì bá mọ ohun tí iná ń ṣe lára amọ̀.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ojúmọ́ kò tíì là tán. Wọ́n dé: Baálé, Ìyáálé, àwọn obìnrin ilé gbogbo. Oúnjẹ ti jinná. Ìjàpá gbé igbá jáde, ó fi aṣọ bo ọmọ mẹ́fà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn wọn nìkan ló yọ. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o, Ìyá, oorun ṣì kù lójú wọn." Àwẹ̀ró gba igbá. Omijé ti kún ojú rẹ̀, kò ríran.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n á da omi sí orí òrùlé. Ẹni tó gbé ọmọ á dúró lábẹ́ ibi tí omi ń ro sí. Omi á kán sí ọmọ lára. Bí ọmọ bá ké, gbogbo ilé á yọ̀, pé ọmọ náà wá láti dúró.

Àwẹ̀ró ká aṣọ kúrò. Ìyáálé bu omi, ó dà á sórí koríko òrùlé, fàá! Omi ń ro. Gbogbo ènìyàn ń retí igbe.

Igbe kò wá. Omi kán sí ti àkọ́kọ́, orí rẹ̀ wó. Ó kán sí ìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ́. Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ kún igbá, ó ń ṣàn gba ọwọ́ Àwẹ̀ró dé ìgúnpá. Ọwọ́ tó ti ń po amọ̀ láti kékeré kò lè ṣi amọ̀ mọ̀. Obìnrin náà kàn dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dùn mí, mo ń sọ fún yín, ó dùn mí títí dòní.

Ìjàpá ní kí òun fa orí wọlé. Orí kọ̀. Oúnjẹ àwo méje ti di ọ̀rá, ọ̀rá ti kún inú ìkarahun, kò sí àyè fún orí. Ó fà á, ó tún fà á. Orí wà níta. Gbogbo ojú ń wo ojú rẹ̀. Nígbà náà ló tó wo ojú Àwẹ̀ró.

Baálé na ọ̀pá. "Ẹ gbé e padà sí etí kòtò tí ẹ ti rí i! Irú èyí kì í gbélé."

Ìjàpá ní, "Baálé, ẹjọ́ mi kò tọ́. Mi ò bí ẹnì kan. Èmi nìkan ni mo jẹ gbogbo oúnjẹ náà. Ìyá, ojúkòkòrò ni, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Gbogbo ilé tí mo dé rí ni wọ́n ti lé mi. Mo ní kí n jẹ tọ̀la mọ́ tòní, kí ẹ tó lé mi."

Àwẹ̀ró gbé igbá sílẹ̀. Ó ní, "O fi ohun tí mo ń sunkún sí ṣe ẹ̀tàn jẹun. Inú bí mi. N ò ní sọ pé kò bí mi."

Àwẹ̀ró wá kọjú sí Baálé.

"Ṣùgbọ́n, Baálé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ. Ṣé omi ṣì kù, Ìyáálé? Mo pè yín wá sí ìkómọ, ẹ kò ní í lọ láìkó ọmọ. Ẹ̀dá yìí wọ ilé mi, mo fún un ní yàrá, mo fún un ní omi, mo fún un ní àwo. Mi ò fún un lórúkọ. Ẹni tí kò lórúkọ nílé, àlejò ló ń ka ara rẹ̀ sí."

Ó gbé Ìjàpá lọ́wọ́ méjèèjì. Ó wúwo! Ó dúró lábẹ́ òrùlé. Ìyáálé wo Baálé. Baálé mi kanlẹ̀, ó sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. Ìyáálé da omi, fàá! Omi tútù kán sí Ìjàpá ní àárín orí tí kò rí ibi pamọ́ sí. Ìjàpá ké. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. Ó ké bí ọmọ tuntun.

"Ilésanmí ni orúkọ rẹ," ni Àwẹ̀ró wí. "Àwo kan láàárọ̀, àwo kan lálẹ́. Láti ọ̀la, ìwọ ni wàá máa bá mi tẹ amọ̀ títí ọ̀rá yẹn á fi lọ."

Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Bí wọ́n ṣe ń lọ, àwọn obìnrin ń kígbe lójú ọ̀nà pé, "Ìyá Ilésanmí, ẹ kú ewu ọmọ o!" Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn, kó lè mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Òun ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tí a bá ṣàánú gbà sílé, kó má fi ojúkòkòrò sọ ara rẹ̀ di aláìnílé lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀ mí láti àná pé ẹ fẹ́ sin nǹkan, ẹ gbọ́ tiyín. Bí ẹ bá mú ohun ẹlẹ́mìí wálé, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ara rẹ̀ fẹ́, kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń béèrè. Ẹ sì fún un lórúkọ. Èyí tí mo gbọ́ ni mo sọ. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ẹ̀yin tí ẹ gbè é bá mi pín nínú ẹ̀bi rẹ̀.